Nínú Àpò Òṣìṣẹ́ ni Ìgbàgbọ́ Bá Wọlé

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará sọ ní Ọjọ́ Àwọn Ọkùnrin nínú ìjọ wa ní Òmù-Àrán nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tún ẹnu rẹ̀ ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò yọ ibi tó gún àwọn kan lára.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ẹ kàn wá sin ọkọ yín dé ẹnu ọ̀nà, tí ẹ wá gba àga iwájú, ẹ kú iṣẹ́ ilé ìdáná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé òórùn ìrẹsì ló mú yín wọlé, ẹ kú sùúrù.

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí Kristẹni àti ọ̀rọ̀ ìlú. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo béèrè, ogún ni wọ́n fún mi. Ẹni tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní ìṣirò owó kò ní ṣàìmọ̀ pé ìdajì ni wọ́n fún òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo aago.

Inú àpò kan ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi kò bá òyìnbó ajíhìnrere kankan gbé rí. Iṣẹ́ ojú irin ló lọ ṣe. Ọdún 1908 ni rélùwéè tó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin, nígbà tó di ọdún kejì ó ti dé Jẹ́bà. Àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó ń wá owó orí tí wọn ó san sì ń lọ síbẹ̀ lọ ta agbára. Nígbà tí bàbá àgbà máa fi dé ọ̀hún, irin ti wà nílẹ̀, àwọn tó ń tún un ṣe ni wọ́n gbà á mọ́. Ará Ìjẹ̀bú kan tí wọ́n jọ ń sùn nínú bárékè ló ń kọ́ ọ ní A B D lálẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán, tí àwọn yòókù ti ń hanrun. Ìwé A B D kan àti ìwé orin kan ni gbogbo ìwé tí wọ́n ní.

Nígbà tó padà dé ilé, gbogbo agbolé tú àpò rẹ̀ wò, bí a ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó ti ìdálẹ̀ dé. Iyọ̀ wà níbẹ̀, aṣọ ìyàwó wà níbẹ̀, fìtílà kan wà níbẹ̀, ìwé orin tí ikán ti tọ́ etí rẹ̀ wò wà nísàlẹ̀. Ìyá rẹ̀ mú iyọ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìwé. Ọjọ́ Ìsinmi kejì ló pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sábẹ́ igi ọsàn, ó sì dá orin. Bàbá mi sọ fún mi pé ohùn rẹ̀ kò dára rárá, pé ewúré ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Bí ìjọ abúlé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó pẹ́ gan-an kí a tó rí ẹni tí à ń pè ní pásítọ̀.

Mi ò sọ èyí láti fojú tín-ín-rín àwọn òyìnbó. Ní 1855, Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ìlọrin. Wọ́n gbà á lálejò, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kó dá ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1893, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta gúnlẹ̀ sí Èkó tí wọ́n ń forí lé òkè Ọya: Gowans, Kent àti Bingham. Kí 1894 tó parí, Gowans àti Kent ti di òkú lọ́hùn-ún, Bingham nìkan ló padà sílé. Síbẹ̀ náà, wọn ò fi í sílẹ̀. Nǹkan bí 1902 ni ẹgbẹ́ wọn rí ibùdó dì mú ní Pàtígì, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí. Ara igi tí wọ́n gbìn yẹn ni ìjọ ECWA tí ẹ mọ̀ lónìí, àti ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn tó wà ní Ìgbàjà. Ẹni tó bá fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ nítorí tiwa, ẹnu mi kọ́ ni wọn ó ti gbọ́ èébú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà abúlé yín, láti Ìsánlú-Ìsin títí dé Òkè-Òde, ta ló kọ́kọ́ kọ orin ìjọ níbẹ̀. Orúkọ òyìnbó kọ́ ni ẹ óò sábà gbọ́. Télọ̀ ni, tàbí ẹni tó lọ gé pákó, tàbí ìyá oníṣòwò kan tó ti Kùmásì dé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òyìnbó dé, tó bá àwọn èèyàn tó ti ń kọrin tẹ́lẹ̀, tó wá jẹ́ pé ohùn orin ló bá wọn tún ṣe.

Bí ẹ bá rò pé ti wa nìkan ni, ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 11. Wọ́n ti pa Sítéfánù, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn sá kiri. Àwọn kan nínú wọn, ará Kípírù àti Kírénè, dé Áńtíókù, wọ́n bá àwọn Gíríìkì sọ̀rọ̀ Jésù Olúwa. Áńtíókù yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ pe ọmọ-ẹ̀yìn ní Kristẹni. Kí ni orúkọ àwọn tó mú ọ̀rọ̀ náà débẹ̀? Lúùkù, tó máa ń kọ orúkọ gbogbo èèyàn, títí kan ọmọbìnrin tó wá dáhùn nígbà tí Pétérù kan ilẹ̀kùn, kò kọ ti wọn. Bánábà dé lẹ́yìn. Pọ́ọ̀lù dé lẹ́yìn Bánábà. Àwọn tí a ò mọ orúkọ wọn ló kọ́kọ́ débẹ̀, ó sì dà bíi pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe jẹun.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ilé. Òdò-Ọ̀wá kò jìnnà síbí, ọ̀pọ̀ yín lẹ ní àna níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1904. Bàbá rẹ̀ jẹ́ aṣáájú nínú ìjọ CMS. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn náà ló wá ń wa katakata, ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀, fún PWD, ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba òyìnbó. Oṣù kẹwàá ọdún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ kọ̀, ohùn sì pè é. Ọdún 1930 ni ìsọjí Òkè-Oòyè bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà, gbogbo ayé ló sì mọ ìyókù.

Ohun tí mi ò gbọ́ rí nínú gbogbo ìwàásù tí wọ́n ń ṣe nípa rẹ̀ ni ibi tí ohùn náà ti bá a. Kò bá a ní ìpàgọ́. Kò bá a nínú ìṣọ́ òru. Ẹnu iṣẹ́ ló wà, epo wà lára aṣọ rẹ̀, ọ̀gá ń retí kó tẹ ọ̀nà kó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. A ti fi òróró pa ìtàn náà débi pé epo ẹ̀rọ kò hàn lára rẹ̀ mọ́. Àwa ọmọ Kwara Gúúsù ń fi í yangàn, pé ọmọ wa ni. Tí ọmọ tiwa bá wá lọ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, a ó máa tijú láti sọ ọ́ láàárín àwọn ará ìjọ.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ìgbàgbọ́ wọ ilẹ̀ wa nínú àpò òṣìṣẹ́. Nígbà tó yá, a gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, a gbé e fún pásítọ̀, a ní kó máa bá wa gbé e. Gbogbo ìyókù tí màá sọ, abẹ́ èyí ló wà.

Ẹ wo ọjà. Obìnrin kan fẹ́ ṣí ìsọ̀ ìrẹsì. Yóò pe pásítọ̀ wá gbàdúrà sí i, wọn ó ta òróró sí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn ó jẹ súyà, wọn ó mu míníráà. Ó dára. Ṣùgbọ́n kóńgò tó fẹ́ máa fi wọn ìrẹsì ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Pásítọ̀ kò rí kóńgò. Kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó rí i, òun kọ́ ló ń tà. Ìwé Òwe ní òṣùwọ̀n èké jẹ́ ìríra lójú Olúwa. Bí mo bá ní agbára ni, kóńgò ni mi ò bá ní kí wọ́n gbé síwájú pẹpẹ kí wọ́n gbàdúrà lé, kí gbogbo ìjọ sì wo ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe àmín.

Ẹ ti rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró ná, mo ń bọ̀ wá sínú ilé ìsìn.

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì ni àwọn ìjọ ti ń pè mí pé kí n wá bá wọn yẹ ìwé owó wò. Ìjọ kan wà tí mo ti jọ́sìn rí, kì í ṣe èyí, ẹ má wo ara yín. Wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n kó ìwé fún mi. Rìsíìtì sìmẹ́ǹtì tó wà níbẹ̀ jẹ́ méjìlá, láti ìsọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nínú ìlú méjì. Olùkọ́ ni mí. Mo ti ka ìwé àwọn ọmọ tó wo ara wọn kọ nínú ìdánwò fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Mo tẹ́ rìsíìtì méjèèjìlá sórí bẹ́ẹ̀dì, mo pe ìyàwó mi. Ó wò ó, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹnì kan náà ló ni ìsọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni?” Ìkọ̀wé kan, bírò kan. Kódà níbi tó ti ṣi “sìmẹ́ǹtì” kọ, ọ̀nà kan náà ló gbà ṣì í ní gbogbo méjèèjìlá.

Mo gbé e lọ bá ìgbìmọ̀. Ẹ ò lè gbàgbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹnì kan ní kí n má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró. Mo ní akápò nìyí, kì í ṣe Dáfídì. Ẹlòmíràn ní Ọlọ́run ni yóò dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀kẹta dá a lábàá pé kí gbogbo ìjọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ẹ̀mí tó ń gbógun ti owó ìjọ. Wọ́n sì gbà á wọlé! Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn ìyá arúgbó tó dá igba náírà igba náírà sílẹ̀ fi fi ebi para wọn nítorí bírò kan.

Èmi náà ṣe tèmi. Inú bí mi, mo ka rìsíìtì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú ìpàdé gbogbo ìjọ. Mi ò kọ́kọ́ lọ sílé akápò náà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ni, mo mọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, mo sì mọ Mátíù orí 18 lórí. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ló fi san, pé ó rò pé òun máa dá a padà kí ìkórè tó dé. Ó kó ìdílé rẹ̀ kúrò nínú ìjọ. Ìyàwó rẹ̀ máa ń kọjá mi lọ́jà bí ìgbà tí mo jẹ́ òpó iná. Láàárín ọdún kan àti ààbọ̀, wọ́n ń bá àpòòwé lábẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ìjọ, kò sí orúkọ lára rẹ̀, owó ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀. Ó pé, kò ku kọ́bọ̀. Ìgbìmọ̀ tó gbààwẹ̀ kò kọ́ nǹkan kan lára rẹ̀, wọ́n tún yan akápò tuntun, wọ́n tún ní kí òun nìkan máa mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Mo máa ń ka ibì kan fún wọn nínú Kọ́ríńtì Kejì, orí 8. Pọ́ọ̀lù ń gba owó jọ fún àwọn tálákà Jerúsálẹ́mù. Kò dá gbé e. Ó fi Títù pẹ̀lú àwọn arákùnrin mìíràn tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn kún un. Ó sì sọ ìdí: kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí wọn lẹ́sẹ̀ lórí owó náà, nítorí ohun tó tọ́ lójú Olúwa nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá, wọ́n tún ń wá èyí tó tọ́ lójú èèyàn. Bí Pọ́ọ̀lù tó gbọ́ ohùn láti ọ̀run bá ní kí wọ́n bá òun gbé owó, kí ẹlòmíràn sì máa ṣọ́ òun, ta ni akápò tiwa?

Ẹ̀yin tí ojú yín ti ń le, ó kù díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan kọjá níbẹ̀. Gbogbo wa la jọ pariwo “Ó tó gẹ́” nígbà ìbò 2019 ní Kwara, onígbàgbọ́, mùsùlùmí, oníṣẹ̀ṣe. Ìbò yẹn kọ́ wa pé ẹnu tálákà lè wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń ṣe sí ẹni tí a bá ti yàn. Ọjọ́ ìkórè, káńsílọ̀ wọlé lágogo méjìlá, ìsìn dúró, akọrin yí orin padà, wọ́n gbé e lọ sí àga iwájú. Kí la bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Àga ọgọ́rùn-ún àti jẹnẹrétọ̀. Kànga tí wọ́n gbẹ́ ní ẹ̀yìn ọjà, tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò tíì fa omi rí, ojú ọ̀nà ìjọ ló wà. A gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wá síbi ìkórè. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni káńsílọ̀ náà, ọmọ ìjọ wa ni, ìyẹn gan-an ni a kò fi fẹ́ bi í. A ní ọmọ wa ni, kó jẹ́ ká gbádùn rẹ̀.

Ìlọrin wá ńkọ́? Mo ti gbé ibẹ̀, mo ti kọ́ni níbẹ̀, nínú ilé-ìwé tí ìjọ dá sílẹ̀ tí ìjọba gbà ní 1974. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí ìjọba ti ilé-ìwé mẹ́wàá nítorí ọ̀rọ̀ híjáàbù. Ẹ rántí ọjọ́ 17 oṣù kẹta tí wọ́n ní kí wọ́n ṣí wọn padà, tí òkò ń fò láti ọ̀tún lọ sí òsì níwájú ilé-ìwé Onítẹ̀bọmi ní Surulere. Ilé-ẹjọ́ ti dá sí i, èmi kì í ṣe adájọ́. Mo gbà pé ìjọ ní ẹ̀tọ́ láti lọ sí kóòtù. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má lọ kò mọ ìdí tí a fi ń pè é ní ọmọ ìlú. Òkò ni mi ò gbà.

Mo sì ní ìbéèrè kan tí mo máa ń bi ara mi. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni níbẹ̀, òjò máa ń rọ̀ sórí àwọn ọmọ JSS2 nítorí páànù tó ti jẹrà. Orúkọ ìjọ wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà. Ìjọ tó ni orúkọ yẹn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí wa lọ. Nígbà kan ṣoṣo ni ẹnì kan wá wo páànù, télọ̀ ni, ọmọ rẹ̀ wà nínú kíláàsì náà. Ó gun òrùlé, ó fi páànù mẹ́fà bò ó. Ní 2021, mo rí àwọn tó wá jà nítorí pátákó, mo wá télọ̀ náà láàárín wọn, mi ò rí i. Àwọn tó wà ní iwájú yẹn, mi ò rí wọn ní ọjọ́ páànù.

Lọ́sẹ̀ yẹn, àbúrò bàbá mi obìnrin pè mí lórí fóònù. Àlájà ni. Mùsùlùmí ló fẹ́, nínú ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀ ló sì ti dàgbà. Ó ní, “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìwọ náà wà níbẹ̀?” Mo ní, “Rárá o, Ìyá, ilé ni mo wà.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Mo kàn ní kí n bèèrè ni. Kí n lè mọ̀ bóyá ẹran iléyá tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí yín ṣì máa rí ẹnu wọlé.”

Ẹ óò rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ọwọ́ obìnrin yìí ni bàbá àgbà kú sí. Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, òun ló ń gbé e. Ìwé orin tó bọ́ láti inú àpò ọjọ́sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà títí di òní, ó fi ọ̀rá wé e, ó kó o sínú àpótí tí aṣọ Mẹ́kà rẹ̀ wà. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó gbé e fún mi. Ó ní ìgbà tí àwa onígbàgbọ́ bá dẹ́kun pípàdánù nǹkan, òun á gbé e. Mi ò rí ìdáhùn fọ̀ sí i. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìjọ abúlé wa ti pàdánù ìwé ìrántí ogójì ọdún nítorí pé akọ̀wé bá alága jà?

Ó ku Èrúkù. Mi ò fẹ́ dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ìlú ní ìhà ibí lónìí tí kò dárúkọ Èrúkù, irọ́ ló pa. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn ará wà nínú ìsìn ní ìjọ CAC Òkè-Ìṣẹ́gun, ìbọn dún, a sì rí i nínú fídíò lórí fóònù wa bí àwọn ìyá ṣe ń wọ́ sábẹ́ àga. Wọ́n pa èèyàn. Wọ́n kó èèyàn méjìdínlógójì lọ sínú igbó. Ọjọ́ kẹtalélógún ni wọ́n tó gba ìtúsílẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, wọ́n ti yìnbọn pa Olúkòró nínú ààfin rẹ̀ ní Kòrò, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà.

Láti ìgbà náà ni a ti ń tètè parí ìsìn, a sì ń ti géètì. A gbàdúrà, mo sì wà lára àwọn tó gbà á kíkankíkan. Nígbà tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wá ní kí ìjọ dá sí owó àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà oko lóru, ọ̀rọ̀ wá di ìpàdé wákàtí mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ọdẹ ń so oògùn mọ́ra, pé owó Olúwa kò gbọdọ̀ lọ ra oògùn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a lè fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rí ọkàn èèyàn ni. Mo ní kí a má fún wọn lówó nígbà náà. Kí a ra bàtà, kí a ra tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì, kí a máa fi káàdì ránṣẹ́ sí fóònù wọn, nítorí ẹni tó rí ọ̀tá tí kò ní káàdì kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò rí i. Wọ́n gbà. Bàtà mọ́kànlá la rà. Ìgbà tí mo lọ gbé e fún wọn, ọ̀gá ọdẹ wò mí, ó ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọmọkùnrin ìjọ yín, ṣé kò sí ẹyọ kan tó lè wọ bàtà?”

Mo gbé ìbéèrè náà wá fún yín bó ṣe bi mí. Ó lé ní ogójì ọ̀dọ́kùnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ agbàlejò ìjọ wa. Àwọn tó wọ bàtà títí di òní jẹ́ méjì. Ọ̀kan nínú wọn mẹkáníìkì ni, tí bàbá rẹ̀ ń tijú láti dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ibí ni mo dé tí alága fi ọwọ́ kan aago rẹ̀. Mo jókòó, wọ́n sì ní kí a gba ìbéèrè.

Alàgbà kan dìde, ó ní ṣé ohun tí mo ń sọ ni pé kí a má bọ̀wọ̀ fún pásítọ̀ mọ́. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ jókòó níbẹ̀, ó ń fi ìwé ètò bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo ní rárá. Mo ní mo ń bẹ̀bẹ̀ fún un ni. Ọkùnrin tí a fún ní àpò irínwó èèyàn, tí a tún ń bínú sí nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tẹ̀, ṣé àánú rẹ̀ kò ṣe yín? Jẹ́ kó wàásù, kó ṣèbẹ̀wò aláìsàn, kó sin òkú. Kóńgò rẹ, ìwọ ni kí o gbé e.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ló gba gbohùngbohùn kẹ́yìn. Iṣẹ́ POS ló ń ṣe ní ẹnu ọ̀nà gáréèjì. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Bàbá kan san owó sínú àkáǹtì mi lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni. Mo pè é, mo dá a padà fún un. Ló bá ní ogójì ni òun fi ṣàfikún, pé mo ti jẹ ìyókù. Ó pariwo mi ní gáréèjì títí àwọn èèyàn fi kúrò lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fi tà dáadáa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ohun tí ìgbàgbọ́ fà fún mi nìyẹn. Ìbéèrè mi ni pé, lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, owó ẹlòmíràn tún ṣi wọlé sí mi lọ́wọ́.”

Gbogbo ilé dákẹ́. Mo bi í pé kí ló wá ṣe.

Ó ní, “Ó ṣì wà níbẹ̀, Bàbá. Nọ́ńbà onítọ̀hún wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ẹ máa sọ lónìí ná.”

Mo bọ́ sílẹ̀ lórí pèpéle, mo ní kó jẹ́ ká jọ pè é, kí ẹlẹ́rìí lè wà. A dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dára ní àárín ilé ìsìn. Fóònù dún títí, kò gbé e. Lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin kan gbé e, ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, “Ta nìyẹn?”